Ọkọ̀ Mi Ń Kú Bí Mo Bá Ti Fi Í Sí Gíà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń dáhùn ìbéèrè lórí ọkọ̀. Ọtomátíìkì ni ọkọ̀ mi, ọdún 1997 ni wọ́n ṣe é, táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí, ó sì ti rin ohun tó lé ní 240,000 kìlómítà. Bí mo bá sítáátì rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń dáhùn, bó bá sì wà ní P tàbí N, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ bíréèkì tí mo fà á sí D, á gbọ̀n, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í kú ní R, ó kàn máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ ni. Bí mo bá tẹ iná díẹ̀ kí n tó fà á sí D, ó máa ń gbà, ṣùgbọ́n á fò síwájú gìrì. Bí AC bá wà ní títàn, kò tilẹ̀ sí ìrètí. Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, fílítà epo àti pọ́ǹpù epo, owó ti lọ, àrùn kò lọ. Mẹkáníìkì mi wá sọ pé gíabọ́ọ̀sì ti bàjẹ́, pé ẹ̀rí rẹ̀ ni pé R ń ṣiṣẹ́ tí D kò ṣiṣẹ́, àti pé kí n wá òmíràn rà. Kí lẹ rí sí i kí n tó náwó?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra gíabọ́ọ̀sì kankan. Ẹ̀yin fúnra yín ti kọ ohun tó lè kó owó yín yọ sínú lẹ́tà yín, bóyá láìfura: ọkọ̀ ń kú ní D, kì í kú ní R. Mẹkáníìkì yín rí ọ̀rọ̀ yìí bí ẹ̀rí pé gíabọ́ọ̀sì ló jẹ̀bi. Lójú tèmi, ibòmíràn ló ń tọ́ka sí, mo sì fẹ́ kí a jọ fara balẹ̀ wò ó, nítorí àìsàn yìí wọ́pọ̀ lára àwọn ọkọ̀ tó ti dàgbà, ó sì máa ń dùn mí láti rí ẹni tó sọ gíabọ́ọ̀sì tó dára kalẹ̀ nítorí rọ́bà kan tó ya.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọwọ́ gíà bá kúrò ní P. Láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíabọ́ọ̀sì ọtomátíìkì ni ohun tí à ń pè ní tọ́ọ̀kì kọnfátà wà. Ẹ fojú inú wo fáànù méjì tó kọjú síra wọn nínú agolo tó kún fún epo gíà: ọ̀kan so mọ́ ẹ́ńjìnnì, èkejì so mọ́ gíabọ́ọ̀sì, epo tí ti àkọ́kọ́ ń tì sì ni ó ń yí èkejì. Ní P tàbí N, kò sí ohun tó di fáànù kejì mú, nítorí náà àwọn méjèèjì ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ẹ bá fà á sí D tí ẹsẹ̀ yín sì wà lórí bíréèkì, táyà kò lè yí, fáànù kejì á dúró gbagidi, ẹ́ńjìnnì á sì máa fi agbára la epo náà kọjá bí ẹni tí ń wọ́dò tí omi ti mù ún dé àyà.

Ẹrù tó bọ́ lé ẹ́ńjìnnì lórí lójijì nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tó ní ìlera ń gbé e láìkùn. Bí ó bá ti gbóná tán, síló rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó fi ń yí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ iná, sábà máa ń wà láàárín ìyípo 600 sí 900 ní ìṣẹ́jú kan lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bí gíà bá wọlé, abẹ́rẹ́ mítà RPM, tó ń ka ìyípo yìí, á lọ sílẹ̀ díẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì yára ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ sí i, epo á bá a wọlé, gbogbo rẹ̀ á sì dọ́gba kí ẹ tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Lára ọkọ̀ yín, ìrànlọ́wọ́ yẹn kò dé, tàbí ó dé lẹ́yìn tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń gbà bí ẹ bá tẹ iná díẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ yín ló ń fún un ní ohun tó yẹ kó rí gbà láìsí yín. Ohun tí ẹ sọ nípa AC náà bá a mu: ẹrù kejì ni AC jẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì tí kò tíì rí ti àkọ́kọ́ gbé.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ọkọ̀ yìí wá bá mi, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni bí ó ṣe ń kú, kí n tó bi í ní ohun tó ti pààrọ̀. Oríṣi ikú méjì ló wà. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n, á tiraka bí ẹni tí èémí ń tán nínú rẹ̀, á wá dákẹ́. Afẹ́fẹ́, epo tàbí iná púlọ́ọ̀gì ló ń pa irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Nínú ti èkejì, ọkọ̀ á ta gìrì, ẹ́ńjìnnì á sì dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láìtiraka rárá, bí ìgbà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ mánúwà bá ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Èyí ni a fi ń fura sí tọ́ọ̀kì kọnfátà. Tiyín ń gbọ̀n kó tó kú, iná díẹ̀ sì ń gbà á là. Ikú àkọ́kọ́ ni.

Kí ló wá dé tí R fi ń gbà? Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbìyànjú láti yí táyà síbì kan, ara òun fúnra rẹ̀ á fẹ́ fì sí òdìkejì. Lára ọkọ̀ tí táyà iwájú ń wà, tí wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ ní ìbú, orí ẹ́ńjìnnì á fì sẹ́yìn bí ẹ bá fi í sí D, á sì fì síwájú bí ẹ bá fi í sí R. Síìtì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn àwọn rọ́bà àti irin tó gbé e dúró, ni kì í jẹ́ kí ìfì yìí pọ̀. Bí rọ́bà wọn bá ti gbó tàbí tó ti já, ẹ́ńjìnnì á fò dìde, gbogbo ohun tó so mọ́ ọn á sì nà. Àpótí fílítà afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ kì í ṣípò, ara ọkọ̀ ni wọ́n dè é mọ́. Láàárín òun àti ẹ́ńjìnnì tó ń fì yìí ni rọ́bà dúdú ńlá kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ara rẹ̀ ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po kó lè máa nà kó sì máa sún kì. Ìsàlẹ̀ ìṣẹ́po yẹn gan-an ló ti máa ń ya bó bá ti gbó. Bí ẹ́ńjìnnì bá fì síbì kan, ibi tó ya á pa dé. Bó bá fì sí òdìkejì, á yanu.

Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ní sẹ́ńsọ̀ MAF, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, iwájú rọ́bà yìí ni sẹ́ńsọ̀ náà wà. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ tó bá gba ibi tó ya wọlé kò kọjá lójú sẹ́ńsọ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ó wọlé, kò sì fi epo tó kájú rẹ̀ ránṣẹ́. Afẹ́fẹ́ á pọ̀ ju epo lọ, ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n, á sì kú. Bí a bá wá dá a padà sí N, ẹnu á pa dé, ẹ̀rí á sì pòórá.

Mo mọ rọ́bà yìí dáadáa. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ọkọ̀ kan wọlé tó ń ṣe bí tiyín gẹ́lẹ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko la sì fi wá ohun tó ń ṣe é. A wọn agbára epo, a yẹ iná púlọ́ọ̀gì wò, a fọ́n omi ìfọ̀ kábúrétọ̀ yí gbogbo họ́ọ̀sì ká nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ní N, kò sí èyí tó fọhùn. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá mi ní kí n wọlé jókòó, kí n tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí n fà á sí D. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló dúró sí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá rọ́bà náà mú lábẹ́. Ẹ́ńjìnnì kú. Ó ní kí n tún un ṣe, ó tún kú. Ó pè mí kí n wá wò ó, ó fi àtàǹpàkò àti ìka kan tẹ rọ́bà náà wọ́, mo sì rí i: ìṣẹ́po kejì láti apá ẹ́ńjìnnì ti là lábẹ́, ó gùn tó ìka mi, etí rẹ̀ mọ́ bí ohun tí a fi abẹ gé. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó pa dé, bí ẹni pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀ rí. Ó we téèpù mọ́ ọn láti fi dánwò, ọkọ̀ náà sì gba D lẹ́sẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í fi ojú nìkan yẹ rọ́bà afẹ́fẹ́ wò mọ́, ọwọ́ ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ̀yin náà yóò ṣe ṣe é nìyí. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tú rọ́bà náà kúrò, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì tẹ ìṣẹ́po rẹ̀ wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan yípo, pàápàá abẹ́ rẹ̀ tí ojú kì í tó. Ẹ wo àwọn họ́ọ̀sì kéékèèké tó so mọ́ ọn bákan náà, àti ìdè irin ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ síìtì ẹ́ńjìnnì wò. Ibi tó tẹ́jú, níta gbangba, ni kí ẹ ti ṣe èyí. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi igi dí táyà níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹni tó mọ ọkọ̀ wà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí bíréèkì, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró níwájú tàbí lẹ́yìn ọkọ̀ rárá. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹni inú ọkọ̀ máa ti N lọ sí D, kó padà sí N, kó lọ sí R. Kí ẹ́ńjìnnì mì díẹ̀ kò burú. Bó bá ń fò sókè tó sì ń já bọ́ gbàù, síìtì ti lọ, bí ẹ bá sì pààrọ̀ rọ́bà láìpààrọ̀ síìtì, rọ́bà tuntun náà á tún ya.

Bí ẹ bá rí i pé rọ́bà àti síìtì dára, ó kan síló fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ ìgbà tiyín sábà máa ń ní fáàfù kan lára tírótù, ìyẹn ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó ń ṣí bí ẹ bá tẹ iná. Iṣẹ́ fáàfù náà kò ju kó máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá nígbà tí ẹsẹ̀ yín kò sí lórí iná. Èédú dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà rẹ̀ láti ọdún dé ọdún á mú un lọ́ra, a ó sì rí i pé ó tó láti mú ẹ́ńjìnnì dúró ní N, ṣùgbọ́n kò lè yára ṣí nígbà tí ẹrù bá dé. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi omi ìfọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ títí irin rẹ̀ á fi tàn, kí ẹ fọ ihò tó wọ̀ àti etí abẹ̀bẹ̀ tírótù pẹ̀lú. Ẹ má fi agbára tẹ orí fáàfù náà wọlé tàbí kí ẹ fà á jáde, eyín inú rẹ̀ kò lágbára. Bí ó bá mọ́ tán tí kò sì yí ohunkóhun padà, ẹ jẹ́ kí a wọn iná tó ń wá sí i kí ẹ tó ra tuntun.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò. Kí ẹ tó lè fa gíà kúrò ní P, ẹ ti ní láti tẹ bíréèkì. Nínú bústà bíréèkì, agolo ńlá tó wà lẹ́yìn ibi ìrọmi bíréèkì, rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà tí fákúùmù ẹ́ńjìnnì, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ mu, ń fà. Bí rọ́bà yẹn bá ya, ìgbàkígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì ni afẹ́fẹ́ ń rọ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, àwa a sì máa rò pé gíà ló pa á, nígbà tó jẹ́ bíréèkì ni. Ó rọrùn láti yà wọ́n sọ́tọ̀: ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ wà ní N, kí ẹ tẹ bíréèkì nìkan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Bí síló bá lọ sílẹ̀ tí kò padà sókè, tàbí tí ẹ gbọ́ ìró fììì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, bústà ni. Ẹ má fi ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rìn, nítorí ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró ló ń bàjẹ́ lọ yẹn. Níwọ̀n bí tiyín kì í ti í kú ní R, tí ẹsẹ̀ yín sì wà lórí bíréèkì nígbà yẹn náà, n kò rò pé ibẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìdánwò náà kò gba owó.

Fáàfù EGR, èyí tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú lè há ní ṣíṣí, kí èéfín máa padà wọ inú ẹ́ńjìnnì nígbà tí kò yẹ, síló á sì máa gbọ̀n. Ẹni tó bá ní mítà fákúùmù lè so ó mọ́ mánífóòdù, ìyẹn paipu tó ń pín afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì: ẹ́ńjìnnì tó dára, tó ti gbóná, sábà máa ń fi nǹkan bí 17 sí 21 ínṣì mẹ́kúrì hàn ní ibi tí kò ga ju òkun lọ púpọ̀, abẹ́rẹ́ á sì dúró jẹ́ẹ́. Bó bá rẹlẹ̀ gan-an tó sì dúró síbẹ̀, a ń fura pé afẹ́fẹ́ ń wọlé níbi tí kò yẹ. Púlọ́ọ̀gì àti epo, ẹ ti náwó lé wọn lórí, n kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Mo ṣèlérí nínú ọkàn mi pé n kò ní fi apá kan ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì yín sílẹ̀ láìdáhùn. Gíabọ́ọ̀sì tó ti gbó sábà máa ń yọ̀: ẹ́ńjìnnì á máa pariwo, ọkọ̀ kò ní rìn, tàbí kó pẹ́ kó tó wọ gíà. Kì í sábà pa ẹ́ńjìnnì. Ibì kan wà tó ti lè pa á, ibẹ̀ sì ni ikú ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mo sọ lókè ti ń wá. Kí ọkọ̀ má bàa jó epo púpọ̀, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi kílọ́ọ̀ṣì kan sínú tọ́ọ̀kì kọnfátà tó máa ń de fáànù méjèèjì pọ̀ bí ọkọ̀ bá ń sáré geere. Packard ní Amẹ́ríkà ti lo irú rẹ̀ nínú gíabọ́ọ̀sì Ultramatic wọn ní ọdún 1949, Chrysler gbé tirẹ̀ dé ní 1978, láàárín àwọn ọdún 1980 ló sì wá tàn káàkiri. Bí sólínọ́ìdì, ìyẹn fáàfù kékeré oníná tó ń darí rẹ̀, bá há, kílọ́ọ̀ṣì náà kò ní tú sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ́ńjìnnì á sì so mọ́ táyà tí kò lè yí. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dára láàárọ̀ nígbà tó tutù. Lẹ́yìn ìrìn gígùn tó bá ti gbóná ló máa ń gbọ̀n rìrì bí ẹ bá ń bíréèkì láti dúró, tí á sì kú gbì. Bí ẹ bá tún sítáátì rẹ̀, á kú gbì bí ẹ bá ti fi í sí D. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, a lè yọ wáyà sólínọ́ìdì yìí láti dánwò. Bí ọkọ̀ bá yéé kú, a ti mọ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹni tó mọ wáyà ọkọ̀ náà ni kó ṣe é, nítorí lára àwọn míràn, okùn wáyà kan náà ló ń gbé iná lọ síbi gbogbo nínú gíabọ́ọ̀sì. Kódà nígbà tó bá jẹ́ òun ni, sólínọ́ìdì ni a ń kọ́kọ́ pààrọ̀, a kì í sọ gbogbo gíabọ́ọ̀sì kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ihò tí a ń ki síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀, bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láti ibòmíràn sì ní in lẹ́yìn náà. Bí tiyín bá ní in, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka nọ́ńbà náà. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, ó sì bá rọ́bà tó ya mu. P0505 tàbí P0506 ń tọ́ka sí síló. P0742 ń sọ pé kílọ́ọ̀ṣì inú tọ́ọ̀kì kọnfátà kò tú. Ẹ má gba nọ́ńbà yìí bí ìdájọ́. Ọ̀nà ìwádìí ló ń fi hàn, kò sọ ohun tí a ó rà.

Títí a ó fi rí i ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún tẹ iná kí ẹ tó fà á sí D mọ́. Fífò gìrì tí ẹ ní ọkọ̀ ń fò yẹn ń lu àwọn kílọ́ọ̀ṣì inú gíabọ́ọ̀sì, bó bá sì pẹ́, gíabọ́ọ̀sì tó dára lè bàjẹ́ lóòótọ́. Bí ọkọ̀ bá sì kú nígbà tó ń rìn, ìdarí á le lọ́wọ́ yín, bíréèkì á sì kù fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ tí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ kó tó le koránkorán: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó le, kó dúró, ẹ má fún un ní títẹ̀-títẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mánúwà ni ọkọ̀ tèmi, ó sì ti pẹ́. Mo máa ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ bí mo bá fi í sí gíà kìíní, á fò síwájú, á sì kú. Ṣé síló ni?

ÌDÁHÙN: Rárá, síló kọ́. Bí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì àti gíabọ́ọ̀sì pínyà pátápátá, kí gíà yòówù tí ẹ fi í sí má kàn án. Tiyín kò pínyà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ ní N, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ẹ ka dé márùn-ún, kí ẹ wá gbìyànjú láti fi í sí R. Bó bá han gàràrà, ẹ̀rí rèé pé kílọ́ọ̀ṣì ṣì ń wọ́ gíabọ́ọ̀sì yí. Bó bá jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì olómi, ẹ wo agolo omi rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ bóyá omi ń jò. Bí ẹ bá fún kílọ́ọ̀ṣì ní títẹ̀ bíi mẹ́ta mẹ́rin tí gíà wá ń wọlé dáadáa, afẹ́fẹ́ ti wọ inú omi, tàbí rọ́bà inú ọ̀kan nínú pọ́ǹpù rẹ̀ méjèèjì ti gbó. Bó bá jẹ́ ti okùn irin, okùn ti nà, ó sì ṣeé ṣe kó fẹ́ já. Èyí tí a ní láti sọ gíabọ́ọ̀sì kalẹ̀ fún, bíi àwo kílọ́ọ̀ṣì tó ti wọ́, ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ̀ mi, ọdún 2006, ọtomátíìkì, kò ní àìsàn kankan títí mo fi pààrọ̀ bátìrì. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń kú bí mo bá fi í sí D tàbí R. Ẹni tó ta bátìrì fún mi ní bátìrì kò lè pa ẹ́ńjìnnì. Ta ni kí n gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ẹni tó ta bátìrì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà kò ṣìnà. Tírótù ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọdún yẹn kò ní okùn mọ́, mọ́tò kékeré ló ń ṣí i, kọ̀ǹpútà ló sì ń sọ fún un bí yóò ṣe ṣí tó. Bí èédú ti ń dí etí rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, kọ̀ǹpútà ń kọ́ bí yóò ṣe máa ṣí i díẹ̀ sí i, ẹ̀yin kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹ tú bátìrì, gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn lè parẹ́. Ó padà sí ìwọ̀n tó wà fún tírótù tó mọ́, ṣùgbọ́n èédú ṣì wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kò sì tó.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé orí bátìrì méjèèjì dè dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n sì fi omi ìfọ̀ tírótù fọ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ àti etí ihò rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìka tì í nígbà tí iná wà lára rẹ̀, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan ìdè kékeré tó ń di abẹ̀bẹ̀ náà dúró. Nígbà tó bá mọ́ tán, kọ̀ǹpútà ní láti kọ́ síló rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé tó bá ọkọ̀ yín wá ni kí ẹ tẹ̀ lé, nítorí ọ̀nà wọn yàtọ̀ síra, àwọn kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé síkánà nìkan ló lè ṣe é. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni pé kí ẹ pa AC àti gbogbo iná, kí ẹ́ńjìnnì gbóná tán, kó dúró ní N fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìtẹ iná, kí ẹ wá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ fi í sí D, kó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan sí i, kí ẹ tó tan AC kẹ́yìn. Bó bá kú lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì níbẹ̀rẹ̀, ẹ tún un sítáátì, kí ẹ máa bá a lọ.